Èédú Inú Ẹ̀rọ Ọ̀gá Fáníyì

Ẹni tó bá gba ọ̀nà Ìsẹ̀ wọ Ìkẹ́rẹ́ lọ́dún tí mò ń sọ yìí kò lè ní òun ò rí pátákó Ọ̀gá Fáníyì. Òpó mẹ́rin ló gbé e dúró, torí méjì tí káfíńtà kọ́kọ́ rì mọ́lẹ̀ dá nígbà tí oyè dé ìlà keje. Bí òjò bá ń rọ̀, abẹ́ rẹ̀ làwọn ọlọ́kadà ń sá sí. Bí oòrùn bá ń ràn, àwọn ewúrẹ́ àdúgbò ló ni ín. Ohun tí wọ́n kọ sí i nìyí, kí ẹ mí kanlẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀: "Ibí yìí ni Ilé Alàgbà Ládépọ̀ Fáníyì, Olùdarí Àgbà Pátápátá fún Ọ̀ràn Afẹ́fẹ́, Èéfín, Òórùn àti Gbogbo Ohun Mìíràn tí Imú Lè Gbọ́, Ọ̀rẹ́ Mẹ̀kúnnù, Ọ̀tá Ìdọ̀tí, Baba Àwọn Tó Ní Baba àti Àwọn Tí Kò Ní, Ẹni tí Adó Ń Wọ̀nà Fún." Ìlà tó gbẹ̀yìn yẹn, òun fúnra rẹ̀ ló fi kún un. Adó kò mọ̀ pé òun ń wọ̀nà fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ má wulẹ̀ wá ọ́fíìsì tó ń darí. Yàrá mẹ́ta péré ni, lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń ta síménǹtì, kò sì sí nínú ìwé ìjọba kankan tí ọwọ́ yín lè tẹ̀. Òṣìṣẹ́ mẹ́fà ló wà níbẹ̀. Márùn-ún nínú wọn kò mọ iṣẹ́ tí wọ́n gbà wọ́n fún. Ẹni kẹfà, Akínlolú akọ̀wé, mọ tirẹ̀ ní àmọ̀dunjú: òun ló ń yin ọ̀gá.

Láràárọ̀ ni wọ́n máa ń tò sí ẹnu ọ̀nà. Bí Ọ̀gá Fáníyì bá ti bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, Akínlolú á gbé imú sókè, á fa atẹ́gùn símú, á ní: "Sà! Afẹ́fẹ́ ti yí padà! Ṣé ẹ ò gbọ́ ọ bó ṣe mọ́ lóló?" Àwọn yòókù á wá fà á símú lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á ní "Háààà!" bí ẹni tí òùngbẹ ti ń gbẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mu omi tútù. Bí ọ̀gá bá sín, wọn a pàtẹ́wọ́. Lọ́jọ́ tí ọ̀fìnkìn mú un, kò sí iṣẹ́ kankan tó ṣeé ṣe ní ọ́fíìsì, gbogbo àtẹ́lẹwọ́ ló pọ́n kankan.

Ohun kan ṣoṣo ló kù tí Ọ̀gá Fáníyì ń fẹ́ láyé yìí, ohun náà sì wà ní Adó. Àga kan ni. Ẹni tó jókòó lórí rẹ̀ fẹ́ fẹ̀yìntì, Ìyáàfin Mojírádé Dáraọlá, ọ̀gá àwọn ọ̀gá, ló sì máa yan ẹni tó kàn. Àga náà ń yí po, tọ̀tún tòsì. Èyí tí Ọ̀gá Fáníyì ń lò ní Ìkẹ́rẹ́, ọ̀tún nìkan ló ń yí sí, bó bá sì fẹ́ wo òsì, àfi kó yí gbogbo ayé po kó tó débẹ̀. Ọkàn rẹ̀ fà sí àga yẹn débi pé ó ti kọ ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ tí yóò sọ lọ́jọ́ tí wọ́n bá fi í jókòó, ó sì ń fi í dánra wò níwájú dígí ní gbogbo ọjọ́ Sátidé.

Ọjọ́ Sátidé kan bẹ́ẹ̀ ni èéfín gba ojú fèrèsé wọlé. Ó ti dé ibi tó ti ń sọ pé "Èmi tí mo dúró níwájú yín yìí" kí ikọ́ tó gbé e.

Ilé ẹ̀yìn ọgbà ni èéfín náà ti wá, ilé Modúpẹ́, obìnrin tó jẹ́ tíṣà iṣẹ́ ọwọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gírámà kan. Modúpẹ́ ní ẹ̀rọ kékeré kan ní gáréèjì, èyí tó ń fi ìtànṣán iná gé pákó àti ike. Ẹ kàn ya ohun tí ẹ fẹ́ sórí kọ̀ǹpútà, iná tín-ín-rín kan á sì máa gé e lọ ràì. Bó bá ti ilé ìwé dé, ìdí rẹ̀ ló máa ń wà, tí á máa gé orúkọ ọmọ tuntun àti àmì ẹ̀yẹ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, kì í ṣe torí owó, torí pé ó ń dùn mọ́ ọn ni. Àìsàn ẹ̀rọ náà kan ṣoṣo ni èéfín. Èéfín pákó ṣì ṣeé fara dà. Ti ike, bí ata gbígbẹ tó jó mọ́ agbada ni.

Ọ̀gá Fáníyì kò gba ẹ̀yìn ọgbà bá a sọ ọ́. Ó kọ lẹ́tà olójú ewé méje sí i. "Sí Ẹni Tí Ọ̀rọ̀ Kàn," bẹ́ẹ̀ ló ṣe bẹ̀rẹ̀, "ó ti dé etígbọ̀ọ́ àti ihò imú ìjọba..."

Mercy ìyàwó rẹ̀, tó ń ta ìwé àti bírò lẹ́bàá yunifásítì, wo lẹ́tà náà, ó ṣe hà.

"Bàbá Praise, ulé rẹ̀ rèé lẹ́yìn ulé wa. Èétirí tí ẹ ò fi ẹnu sọ ọ́ fún un?"

"Ìyá Praise, ìjọba kì í fi ẹnu sọ̀rọ̀. Ìjọba ń kọ̀wé ni."

Modúpẹ́ ka lẹ́tà náà títí dé ojú ewé kejì, oorun gbé e lọ. Nígbà tó jí, kò fèsì. Ohun tó ṣe ni pé ó lọ wá bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà ńlá kan. Ó gba fáànù tí mẹkáníìkì kan yọ lára ọkọ̀ àlòkù, ó ra páìpù lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ohun èlò omi, ó gé fóòmù láti ara bẹ́ẹ̀dì àtijọ́. Lẹ́yìn náà ó lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ, ó gba èédú tí wọ́n sun láti ara èèpo ẹ̀kùrọ́. Ó gún un, ó fi ajọ̀ gààrí jọ̀ ọ́, ó fọ eruku rẹ̀ kúrò, ó sá a títí ó fi gbẹ táútáú. Ó to gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Àkọ́kọ́ ń jò, èkejì kò fa èéfín tó. Ẹ̀kẹta ló ṣiṣẹ́.

Ọjọ́ tí Ọ̀gá Fáníyì wá ti gáréèjì náà pa, òun àti òṣìṣẹ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ike ni Modúpẹ́ ń gé lọ́wọ́. Akínlolú ti fi ọwọ́ dí imú sílẹ̀ láti ojú títì. Wọ́n wọlé, wọn kò gbọ́ òórùn kankan. Ọ̀gá Fáníyì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó na imú sí ẹnu páìpù bí ajá tó ń wá eku. Kò sí nǹkan kan.

"Tíṣà, kí lo fi pa òórùn yìí?"

"Èédú ni, sà. Èéfín á kọ́kọ́ gba inú fóòmù, á fi eruku ara rẹ̀ síbẹ̀. Èédú á wá gba òórùn tó kù. Ohun méjì péré ló gbà, sà: ẹ má yọ èédú, ẹ má sì dí ẹnu páìpù tí atẹ́gùn ń bá jáde."

Ọ̀gá Fáníyì nàró. Kò gbọ́ èyí tó kẹ́yìn yẹn, torí àga ló ń rí. Ó rí i tó ń yí tọ̀tún tòsì. Ìyáàfin Dáraọlá máa gba Ìkẹ́rẹ́ kọjá lóṣù tó ń bọ̀. Bó bá bá ẹ̀rọ tó ń gbé èéfín mì lọ́wọ́ Olùdarí Afẹ́fẹ́, ta ni yóò tún máa wá kiri?

"Láti ìsinsìnyí lọ," ó ní, "ìjọba ti gba ẹ̀rọ yìí sábẹ́ ààbò. A ó rántí rẹ."

"Sà," ni Akínlolú wí, omi sì lé sí i lójú, "ẹ ti ṣe é! Ẹ ti ṣẹ́gun èéfín! Ẹ̀kùrọ́ ni alábàákú ẹ̀wà, ibi tí ẹ bá wà ni wọ́n ó ti bá èmi náà."

Modúpẹ́ wo gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ti gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì dé ẹnu ọ̀nà.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹni tó jí ọbẹ̀ gbé tó sì jẹ ẹ́ bó ṣe wà lè jàjàbọ́. Ẹni tó jí i tán tó tún ní kò dùn tó, tó wá ń fi iyọ̀ àti ṣúgà sí i, ẹ fi í sílẹ̀.

Ọ̀gá Fáníyì kọ́kọ́ ní bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà kò yẹ ìjọba. Wọ́n fi ike funfun gaara pààrọ̀ rẹ̀, èyí tí èèyàn lè máa rí inú rẹ̀ láti òkèèrè. Ìgbà tí wọ́n wá rí inú rẹ̀ tán, èédú ni wọ́n rí.

"Kí ni kinní dúdú yìí?"

"Èédú ni, sà," ni Akínlolú wí.

"Èédú! Èmi Fáníyì, kí Ìyáàfin Dáraọlá ti Adó wá bá èédú nínú ohun tí mo ṣe? Àwọn tó ń sun àgbàdo lẹ́bàá títì ló ń lo èédú! Ẹ dà á nù. Ẹ wá ohun tó funfun."

Wọ́n da èédú nù sẹ́yìn ilé rẹ̀. Wọ́n tú ìrọ̀rí mẹ́ta, wọ́n fi òwú inú wọn kún ike náà, wọ́n sì bu páúdà ọmọ ọwọ́ agolo mẹ́rin lé e lórí kí atẹ́gùn tó bá jáde lè máa ta sánsán. Akínlolú ní ó jọ àwọsánmà. Ọ̀gá Fáníyì ní ó jọ ọkàn òun.

Mercy ló ṣa èédú náà padà sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà tí wọ́n jù nù, ó gbé e fún Modúpẹ́ lórí ọgbà. Nígbà tó padà wọlé, ọkọ rẹ̀ ń ka ìwé ètò ayẹyẹ tí yóò fi ẹ̀rọ náà han Ìyáàfin Dáraọlá, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìtẹ̀wé dé. Ojú ewé mẹ́rìndínlógún ni, àwòrán rẹ̀ mọ́kànlá ló wà níbẹ̀.

"Bàbá Praise, uṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ ni o. Ẹ fi orúkọ rẹ̀ sí ubẹ̀, bó jẹ́ ìlà kan."

Ọ̀rọ̀ náà dun Ọ̀gá Fáníyì. Ó rò ó díẹ̀. Ó ronú kan Modúpẹ́ tó ń gún èédú lójú oòrùn, ọkàn rẹ̀ sì rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ni àga tún yí po lójú rẹ̀. Ó mú bírò, ó fi ìlà kan kún ojú ewé kẹrin lóòótọ́, ó sì dá ìwé padà fún ilé ìtẹ̀wé. Ohun tó kọ ni pé: "Ọ̀gá Fáníyì nìkan ló ronú ẹ̀rọ yìí, òun nìkan ló tò ó, òun nìkan ló mọ ohun tó fi sínú rẹ̀. Ẹ̀dá alààyè kankan kò bá a lọ́wọ́ sí i."

Ọjọ́ ayẹyẹ pé. Gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Ọ̀gá Fáníyì pàṣẹ pé kí wọ́n ti gbogbo fèrèsé pa, kí ayé lè mọ̀ pé ẹ̀rọ ló ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe atẹ́gùn Ọlọ́run. Wọ́n fi léèsì aláwọ̀ wúrà di ẹnu páìpù pinpin, wọ́n so rìbọ́ọ̀nù mọ́ ọn, èyí tí Ìyáàfin Dáraọlá máa fi àlùmọ́gàjí gé. Wọ́n wá gbé ẹ̀rọ tí Modúpẹ́ fi ń gé ike sórí tábìlì, pé kó gé àmì ẹ̀yẹ kan jáde lójú gbogbo ènìyàn. Ike dídán aláwọ̀ wúrà ni àmì náà. Gbogbo oyè tó wà lórí pátákó ojú títì ni wọ́n fẹ́ kó kọ sí i, pẹ̀lú mẹ́ta mìíràn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rò kàn láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Modúpẹ́ wò ó lórí kọ̀ǹpútà. Ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta ni ẹ̀rọ máa lò kó tó kọ ọ́ tán. Ó wo inú ike funfun tí wọ́n so mọ́ ẹ̀rọ, ó rí òwú. Ó dìde.

"Sà, èédú dà? Ẹnu páìpù sì rèé, ẹ ti dì í."

"Tíṣà," ni Ọ̀gá Fáníyì wí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, "wo ìwé ètò. Ǹjẹ́ o rí orúkọ rẹ níbẹ̀? Ẹni tí kò sí lórí ètò kì í sọ̀rọ̀. Tan ẹ̀rọ."

Modúpẹ́ tan ẹ̀rọ. Ó wá gbé àga rẹ̀ lọ sẹ́bàá ilẹ̀kùn.

Wọ́n gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n kọrin orílẹ̀-èdè. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dá àwọn èèyàn pàtàkì mọ̀, ẹnì kọ̀ọ̀kan ń dìde, ó ń juwọ́, ó ń jókòó; nígbà tí wọ́n fi máa dé ìlà kejì, àwọn tó wà níwájú kò rí àwọn tó wà lẹ́yìn mọ́. Èéfín ike ń gba etí ẹ̀rọ jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Léèsì ẹnu páìpù ti wú bí ikùn ẹni tó jẹ ẹ̀wà àná.

Ìyáàfin Dáraọlá jókòó sí àárín gbùngbùn, ó fi ìwé ètò bo imú.

Ọ̀gá Fáníyì gba gbohùngbohùn. "Ìyáàfin wa, kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Afẹ́fẹ́! Kí ni afẹ́fẹ́? Èmi tí mo dúró níwájú yín yìí, mo bá afẹ́fẹ́ ní ìdọ̀tí, mo ní kó lọ wẹ̀, ó sì lọ! Ẹ gbé imú yín sókè! Ẹ fà á símú!"

Àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́fà, tí wọ́n ti kọ́ṣẹ́ náà fún ọdún márùn-ún, gbé imú sókè lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n fà á dé ìsàlẹ̀ ikùn. Wọ́n ní "Háààà..." wọn kò parí rẹ̀. Ikọ́ tó tẹ̀lé e mú kí àwọn adìyẹ ìta sá.

"Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń sunkún ayọ̀!" ni Ọ̀gá Fáníyì wí. Òun náà wá sín. Àwọn òṣìṣẹ́ pàtẹ́wọ́. Ó tún sín, wọ́n tún pàtẹ́wọ́. Ó sín léraléra bí ẹ̀ńjìnnì ọlọ ata, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń wúkọ́, ojú wọn pọ́n bí ẹyìn. Àwọn èrò ẹ̀yìn tí kò ríran rò pé ọ̀rọ̀ náà ló dùn tó bẹ́ẹ̀, wọ́n bá wọn pàtẹ́wọ́.

"Ọ̀gbẹ́ni Fáníyì," ni Ìyáàfin Dáraọlá wí, "ẹ ṣí fèrèsé."

"Ó ku díẹ̀, mà! Ó ku rìbọ́ọ̀nù! Bí ẹ bá ti gé e báyìí, gbogbo rẹ̀ ni yóò mọ́!"

Ó fà á dé ìdí ẹ̀rọ, ó fi àlùmọ́gàjí lé e lọ́wọ́, ó sì dúró tì í, ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sún mọ́ tirẹ̀ kí ayàwòrán lè rí àwọn méjèèjì. Ìyáàfin náà gé rìbọ́ọ̀nù.

Bùú!

Páúdà agolo mẹ́rin àti ẹ̀gbin èéfín ike ogójì ìṣẹ́jú jáde pa pọ̀. Nígbà tí ojú ríran, ọ̀gá àwọn ọ̀gá láti Adó dúró níbẹ̀, ó funfun láti irun dé àyà, dúdú yí ojú rẹ̀ ká bí ológbò aláàmì. Òwú ìrọ̀rí kan lẹ̀ mọ́ gèlè rẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ tó bẹ́ jáde lójú fèrèsé ni Akínlolú. Ẹ̀wà wá ẹ̀kùrọ́ rẹ̀ tì.

Wọ́n ṣí gbogbo ilẹ̀kùn. Ìyáàfin Dáraọlá kò pariwo. Ó nu ojú kan, ó fi èkejì sílẹ̀.

"Ta ló ṣe kinní yìí?"

 Ẹ̀rù ba Ọ̀gá Fáníyì gan-an, ìgbà àkọ́kọ́ láti bí ọdún mẹ́wàá tí ohun kan ká a láyà ju orúkọ tirẹ̀ lọ. Ó wò yí ká, ó rí Modúpẹ́ lẹ́bàá ilẹ̀kùn.

"Òun ni, mà! Tíṣà yẹn! Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni! Èmi ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀!"

 Ìyáàfin náà gbọn páúdà kúrò lára ìwé ètò, ó ṣí i sí ojú ewé kẹrin, ó sì kà á sókè: "'Òun nìkan ló ronú ẹ̀rọ yìí. Òun nìkan ló tò ó. Òun nìkan ló mọ ohun tó fi sínú rẹ̀. Ẹ̀dá alààyè kankan kò bá a lọ́wọ́ sí i.'" Ó yíjú sí Modúpẹ́. "Ìwọ ni ẹ̀dá alààyè yìí?"

Modúpẹ́ kúnlẹ̀ kí i. "Rárá, mà. Kì í ṣe tèmi nìyí. Tèmi, èédú ló wà nínú rẹ̀."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Modúpẹ́ to páìpù àti fáànù padà mọ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì èédú rẹ̀, Ìyáàfin Dáraọlá sì jókòó sí gáréèjì Modúpẹ́ fún wákàtí kan gbáko, ó ń mu omi, ó ń wo ẹ̀rọ bó ṣe ń gé ike, kò sì wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Kó tó lọ, ó ní kí Modúpẹ́ wá kọ́ àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ní Emùré àti Ìsẹ̀ bí wọ́n ṣe ń tò ó, bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà àti gbogbo rẹ̀.

Lẹ́tà ti Ọ̀gá Fáníyì dé lọ́sẹ̀ kejì. Kò tó ojú ewé méje. Ìlà mẹ́ta ni. Wọ́n ní kí Ọ̀gbẹ́ni Fáníyì lọ sí igbó kan lẹ́yìn Ògòtún, kó máa mójú tó àwọn tó ń sun èédú. Ó yí ìwé náà wò lẹ́yìn bóyá oyè rẹ̀ wà níbẹ̀. Kò sí. Ó jókòó lórí àga tó ń yí sọ́tùn-ún nìkan, ó sunkún díẹ̀, Mercy sì bu omi fún un, kò sọ pé "Mo sọ fún yín."

Lọ́jọ́ tó ku ọ̀la kó lọ, ó gba ẹ̀yìn ọgbà wá. Kò kọ lẹ́tà. Ó dúró lẹ́nu gáréèjì, ó ṣí fìlà sọ́wọ́.

"Tíṣà, ẹ kú uṣẹ́. Mo fẹ́ kí ẹ bá mi gé orúkọ tí mo máa kàn mọ́ ilẹ̀kùn níbẹ̀."

"Kí ni ká kọ, sà?"

Ọ̀gá Fáníyì la ẹnu. Ó fa èémí sínú gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń fà á kó tó bẹ̀rẹ̀ láti ìlà kìíní. Èémí náà wà nínú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó tú u jáde.

"Ẹ kọ Fáníyì."

Ẹ̀rọ kò lò tó ìṣẹ́jú méjì. Bó ti ń dúró, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó na imú sí ẹnu páìpù bíi tọjọ́ kìíní. Kò gbọ́ òórùn kankan.

"Èédú yìí mà ń ṣiṣẹ́ o," ló wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

"Ó ń ṣiṣẹ́, sà. Àmọ́ ó ti tó pààrọ̀." Modúpẹ́ na orúkọ náà sí i pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. "Bí ẹ bá ń bọ̀ wá kí Ìyá Praise, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé àpò èédú kan bọ̀."

Ọ̀gá Fáníyì wo orúkọ náà, ó wo bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà, ó dé fìlà rẹ̀ padà.

"Mo ti gbọ́, mà," ló wí.